Kúmínì Ẹ̀yìn Ilé Bàbá Mi

Ní ìgbà tí fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì di oníṣègùn. Ìwé pélébé kan tí wọ́n fún un ní Alákijà ló fi gboyè. Ìwé náà ní kúmínì, èròjà ọbẹ̀ tó rí wínníwínní tí àwọn ará Íńdíà fẹ́ràn, máa ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ pátápátá. Bàbá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ó ra kúmínì ní Trade Fair, ó gbin díẹ̀ sẹ́yìn ilé wa ní Festac. Màmá mi ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, nítorí náà èmi ni mo ń fi ìyókù se oúnjẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìrẹsì wa ń rùn bí abíyá ẹni tó sáré.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dọ́kítà fún un lé mi lọ́wọ́.

“Lọ dà á nù.”

“Dádì, dọ́kítà ní ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró.”

“Ṣé dọ́kítà ju Ọlọ́run lọ ni? Yunifásítì ti ba ìgbàgbọ́ ẹ jẹ́.”

Kúmínì náà hù, ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Bàbá mi ṣí fáìlì fún un, ó ń kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀gá àgbà máa bèèrè. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ jẹrà. Ó gbin òmíràn. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, ó ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Ó ní àrùn ló ń jáde.

Mi ò da oògùn náà nù. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ hóró kan láràárọ̀ sínú omi kúmínì tí mo ń sè fún un mu. Òórùn kúmínì lè bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan ní Apple Junction wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti wálẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ike kúmínì sókè bí ife ẹ̀yẹ. Àwọn àgbààgbà tó ti fẹ̀yìn tì ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́, kò ní mu ohunkóhun láti ọwọ́ mi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ níbi iṣẹ́, tó gbọ́ ẹ̀rí náà, fi ọ̀pá rìn wá sílé wa, ó wá gba irúgbìn.

“Ọmọ mi, bàbá ẹ ti gbà mí là! Mo ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Gbogbo ẹ̀ pátá!”

“Ta ló máa bá yín se kúmínì, sà?”

“Èmi nìkan ni mo wà nílé. Màá sè é fúnra mi.”

Bàbá mi bu ìkúnwọ́ méjì fún un, ó ń sìn ín lọ sí géètì. Mo tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà…”

Àwọn méjèèjì yíjú padà, inú wọn ń dùn bíi ti ọmọdé.

Mo ní kí wọ́n rọra rìn, pé ilẹ̀ ń yọ̀.