Fọ́ọ̀mù Méjì, Ọjọ́ Ẹtì Kan

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òndó, mo ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òkè-Ìlá, l'Adó. Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù méjì, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀kan kí n sì dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, tí gbogbo ayé mọ̀. Tuntun ni èkejì: wọ́n á kọ́ nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti igbákejì dókítà, kó lè yẹ aláìsàn wò, kó sì kọ oògùn fún un níbi tí dókítà kò sí. Ọkàn mi ń fà sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọ̀gá wa, Sísítà Fọlákẹ́, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Obìnrin tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó mọ̀ pé a kò se abẹ́rẹ́ jinná ni.

"Bọ́sẹ̀, o ò ní jẹ́ nọ́ọ̀sì, o ò ní jẹ́ dókítà. Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́?"

Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Àjíbádé, aláìsàn wa kan, tún dé, ibà rẹ̀ kò lọ. Ìgbà kẹta nìyẹn. Sísítà ní ká yí oògùn padà. Èmi tẹ̀lé ìyá náà délé, mo bi í bó ṣe ń lò ó.

"Ẹ kú uṣẹ́, ọmọ mi. Mò ń lò ó dáadáa. Mo fún bàbá ní méjì, mo fún àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé ara wọn ò yá ni, mà?"

"Ara wọn le. Ṣé kí n wá dá a jẹ lójú wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tún mú oògùn kan náà wá, mo sì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ kí ó lè gbé e mì lójú mi. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti ń gbá àgbàlá. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kejì.

Mo gbé e lọ bá Sísítà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ka fọ́ọ̀mù náà tojú tẹ̀yìn, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ orí ẹni kò gbọdọ̀ ju iye kan lọ?"

"Rárá, mà."

"Sáré lọ gba ọ̀kan sí i wá kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ tuntun náà máa bẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì la jọ wọkọ̀ lọ síbẹ̀, èmi ni mo sì gbé àpótí rẹ̀.