Ẹni Tó Máa Wẹ Ọmọ Náà

Mo jowú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Kì í ṣe nítorí aṣọ, kì í ṣe nítorí ọkọ. Ọmọ ni. Ọmọ tí èmi fúnra mi bí ni mo ń torí rẹ̀ jowú wọn, bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo ń di báàgì ọmọ yìí lọ́dọọdún, tí mo ń mú un lọ́wọ́ lọ bá wọn.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Surulere nígbà náà. Bí ilé ìwé bá ti wọ ọlidé gígùn, àwọn òbí àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn wá sí pálọ̀ mi fún lẹ́sìnnì. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta, pátákó dúdú kan tí mo gbé ti fìríìjì, àti àwọn ọmọ tí kò fẹ́ jókòó. Bàbá ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, Kérésìmesì ló ń wálé. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kò wá rí ibi tó máa fìdí lé nínú ilé tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Gbé e wá fún mi jàre. Kí ló fẹ́ máa ṣe láàárín èrò?" Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà yẹn. Mo gbé e lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èbúté Mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, nínú ilé kan tí ayálégbé pọ̀ sí, tí kò jìnnà sí ojú irin. Aránṣọ ni wọ́n. Àwọn ọmọ tiwọn ti dàgbà, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Kò sí nǹkan mèremère kan nínú ilé náà tó yẹ kó wu ọmọdé. Yàrá méjì ni, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, àjákù aṣọ sì wà káàkiri ilẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé bí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé ìwé parí, ó ti máa ń fi bàtà rẹ̀ sínú báàgì.

Bíìgì Mọ́mì ló ń pè wọ́n, bí àwọn ọmọ Èkó ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Mo mọ̀ pé kò sí aburú kankan nínú orúkọ yẹn, ó kàn ń ta mí létí ni. Bí wọ́n bá jẹ́ Bíìgì, kí ni èmi wá jẹ́?

Ọjọ́ tí mo bá lọ mú un bọ̀ ló máa ń le jù fún mi. A ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó gba Costain padà wálé, ẹnu ọmọ náà kò ní dákẹ́ láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Bíìgì Mọ́mì máa ń fi edé sí ẹ̀wà. Bíìgì Mọ́mì yin òun pé òun mọ òwú kì bọ abẹ́rẹ́ ju àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ. Ní ilé Bíìgì Mọ́mì, wọn kì í fi ìbínú jí èèyàn lójú oorun. Èmi á máa dáhùn "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n". Bí a bá sì ti délé, màá tú báàgì náà dà sílẹ̀, màá fọ gbogbo aṣọ inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí tó dọ̀tí àti èyí tó mọ́, nítorí pé wọ́n ń rùn òórùn epo ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo fẹ́ kí ọmọ mi máa rùn bí ilé mi.

Aṣọ kan ṣoṣo ni mi kì í fọ̀. Bí ọlidé bá ku ọ̀la kó parí, ẹ̀gbọ́n mi á na tẹ́ẹ̀pù lé ọmọ náà lára, èjìká, àyà, gígùn, wọ́n á sì rán aṣọ tuntun fún un. Ọdọọdún ni. Wọn kì í kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, wọ́n ní orí ni àwọn ń kó o sí. Èmi ìyá rẹ̀, inú aṣọ tí ẹlòmíràn rán ni mo ti ń mọ bí ọmọ mi ṣe ga sí.

Ọdún tó pé ọmọ ọdún méjìlá, mo ń tú báàgì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ni mo bá rí páàdì nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi àjákù áńkárá wé dáadáa. Mo pè é.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Mọ́mì."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ má wulẹ̀ dààmú, Bíìgì Mọ́mì ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi."

Ẹ má wulẹ̀ dààmú! Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń múra ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo ti mọ orí àga tí a ó jókòó sí, mo ti mọ gbólóhùn tí n ó fi bẹ̀rẹ̀, mo tiẹ̀ ti mọ ibi tí n ó ti rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó má baà tijú. Wọ́n ti bá mi sọ ọ́. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí omi sílẹ̀ kó máa ya, mo sì sunkún.

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, wọ́n ní, "O ní èrò nílé, ọmọ sì ń gbọ̀n. Ṣé kí n ní kó fara mọ́ ọn títí ìyá ẹ̀ máa fi ráyè ni?" Wọn kò jẹ̀bi. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ní ọmọ mi kò ní lọ síbì kankan. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìṣirò ń dà á láàmú, pé ó ní láti jókòó ti ìwé. Irọ́ ni. Ọmọ náà mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ tíṣà lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ olọ́mọ, kò bá mi jà, kò sì sunkún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè kan, ó sì pè mí ní "Àǹtí" bíi tàwọn yòókù. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Mo kọjú sí pátákó, mo ń kọ ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọlidé ku ọ̀la kó parí, ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yìngbò, wọ́n di ọ̀rá kan mọ́ àyà. Aṣọ tuntun ló wà nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọlidé ni mo ti ń fi àwáwí dí wọn lójú ọ̀nà, nítorí náà orí ni wọ́n fi rán an, wọ́n fi ìwọ̀n ọdún tó kọjá lé díẹ̀. Ọmọ náà fò mọ́ wọn, ó gba aṣọ, ó sáré wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó ti di èémí mú. Èjìká aṣọ há a, ìsàlẹ̀ aṣọ dúró sókè orúnkún, sípì ẹ̀yìn sì ya ẹnu sílẹ̀ láti àárín dé ọrùn.

"Ó bá mi mu, Bíìgì Mọ́mì," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan etí sípì náà. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níbí: inú mi dùn. Fún bí ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn pé wọn kò mọ bí ọmọ mi ṣe ga tó mọ́, pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, mo sì lọ gbé omi fún wọn mu. Lọ́dún kejì, mo tún di báàgì ọmọ, mo dá a padà fún wọn. Ṣùgbọ́n owú náà kò bá a lọ.

Ọmọ kì í pẹ́ dàgbà lójú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó parí ilé ìwé, ó rí iṣẹ́, ó lọ́kọ, wọ́n gba ilé sí Yaba. Nígbà tó sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé òun lóyún, mo yọ̀, mo gbàdúrà, owú mi àtijọ́ sì jí gìrì. Ta ni yóò wẹ ọmọ náà? Gbogbo ẹni tó bá ti bímọ láàárín wa ló mọ ohun tí mò ń sọ. Abiyamọ kì í fúnra rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Àgbà obìnrin kan ni yóò ránṣẹ́ pè, tí yóò wá bá a gbé, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí yóò fi òrí pa á lára, tí yóò na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ránṣẹ́ pè, èmi ti pinnu lọ́kàn mi pé òun ló gbà ní ìyá.

N kò béèrè. Mo kàn ń dúró. Lọ́jọ́ kan, mo ra kànìnkànìn tuntun lọ́jà Ọ̀yìngbò, mo sì fi í pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí bí ẹni tó jí i.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni fóònù dún. "Mọ́mì, ẹ ti di màmá àgbà o! Obìnrin ni. Ẹ máa bọ̀ wá bá mi wẹ̀ ẹ́ o, ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Mo jó, èmi tí orúnkún ń dùn. Lẹ́yìn náà ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi, kí n má parọ́, kì í ṣe torí àtisọ ìròyìn ayọ̀ nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ wa ti bí o. Ó ní èmi ni kí n wá wẹ ọmọ." Mo fa "èmi" yẹn gùn.

Wọ́n ní, "A dúpẹ́ o. Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Èmi tí mo ti bímọ!"

"Mo mọ̀ pé o bímọ," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

Òtítọ́ ni. Iṣẹ́ abẹ ni mo fi bí ọmọ mi, ìyá wa sì ti kú kí n tó lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ti ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó wá sí Surulere fún ogójì ọjọ́. Èmi dùbúlẹ̀ sí yàrá, mo ń gbọ́ igbe ọmọ mi láti bálùwẹ̀. N kò bí òmíràn mọ́. N kò wẹ ọmọ ọwọ́ rí láyé mi.

"Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa," mo dá wọn lóhùn, mo sì gbé kànìnkànìn mi, ó di Yaba.

Mo jókòó sórí àpótí nínú bálùwẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo gbé ọmọ lé ojúgun. Omi gbóná jù. Mo bu tútù sí i, ó wá tutù jù. Ọṣẹ kó sí ọmọ náà lójú, ó figbe ta, mo fẹ́ nu ojú rẹ̀, ó yọ̀, ó fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ kan wá láti ẹ̀yìn, ó gbá apá rẹ̀ mú. Ọmọ mi ni.

"Mọ́mì, ẹ dìde díẹ̀."

Ó rọra jókòó. Ó fi ìgúnpá tọ́ omi wò. Ó dojú ọmọ bolẹ̀ lórí ojúgun rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ dúró, orí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn. Igbe ọmọ náà rọlẹ̀, ó di ìkùnsínú, ó sì dákẹ́.

"Ibo lo ti kọ́ ọ?" Mo ti mọ èsì kí n tó béèrè.

"Nílé Bíìgì Mọ́mì. Ayálégbé tó bá ti bímọ nílé yẹn, Bíìgì Mọ́mì ni wọ́n máa ń bá a wẹ ọmọ. Èmi ni mo máa ń gbé òrí dání."

Ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ páàdì yẹn bá yọ jáde lẹ́nu mi. "Ìwọ alára mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí lo wá ń pè mí fún? Ò bá kúkú pe Bíìgì Mọ́mì ẹ."

Kò gbójú sókè. Ó ń fọ ẹ̀yìn etí ọmọ. "Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, Mọ́mì. Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́. Ọlidé ni mo ní kí ẹ wá lò. Èmi àtẹ̀yin ò lo ọlidé pa pọ̀ rí."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi gba ọlidé ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì ni mo gbé e fún, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gbé e fún wọn. Mo jókòó sí etí ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, omi ń rin mí láṣọ.

"Ọjọ́ mélòó ni ọlidé náà?" mo béèrè.

"Títí ẹ ó fi mọ ọmọ wẹ̀."

Ọjọ́ kẹfà ni mo mọ̀ ọ́n. N kò sọ fún ẹnì kan. Mo ti ṣe tíṣà pẹ́, kò sí ọgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí n kò mọ̀. Mo ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé ibi tí òrí wà. Mo ń béèrè bóyá apá ni a máa ń kọ́kọ́ nà àbí ẹsẹ̀. Ọmọ mi á mí kanlẹ̀, á jókòó tì mí, á fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, á tún fi hàn mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè. "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ báyìí?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣì ń rú mi lójú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti ra aṣọ kan fún ọmọ náà, àwọn fẹ́ gé e, kí n sọ bó ṣe gùn tó fún àwọn. Mo wo ọmọ náà lórí ẹsẹ̀ mi, ó ń dán fún òrí. Mo rántí sípì tí kò padé.

"Ẹ má fi orí rán tèyí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá wọ̀n ọ́n fúnra yín."

Ohùn wọn yí padà. "Ṣé kí n máa bọ̀ lọ́la?"

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," mo ní. "N kò tíì lo ọlidé mi tán."