Ọjọ́ Tí A Kó Lọ sí Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Kí ìjọba tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ajégúnlẹ̀, ilé gbọọrọ kan ṣoṣo la ní, ilé onípáànù tí màmá mi fúnra wọn ti kàwé nínú rẹ̀ rí. Bí òjò bá ti dé, ariwo páànù á bo ohùn tíṣà mọ́lẹ̀, omi á wọlé, àwa á gun orí bẹ́ǹṣì, a ó máa kọrin títí òjò á fi dá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká kó lọ sí ilé tuntun, a gbé bẹ́ǹṣì lérí, a sáré gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé. Àṣé a lè rí èbúté Àpápá láti ibẹ̀! Kọ̀ǹténà lọ súà, àti ọkọ̀ òkun pupa kan tó ga ju gbogbo ilé àdúgbò wa lọ. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń já ẹrù látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè kì í jẹ́ kí ọmọdé wọlé, n kò rí ibẹ̀ rí.

Mo pariwo: "Ọkọ̀ bàbá mi nìyẹn!"

"Bàbá ẹ ló ra ọkọ̀? Abeg!" ni ọ̀rẹ́ mi dáhùn.

Ẹ̀rín sọ. A ju bẹ́ǹṣì sílẹ̀, gbogbo wa rọ́ mọ́ fèrèsé.

Ìgbà náà ni tíṣà ìṣirò wa dé, obìnrin tí ẹ̀rù wọn máa ń bà wá gan-an. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, pàṣán wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò wá, wọ́n wo fèrèsé.

"Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Wọn ò tíì wò ó tẹ́rùn tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi ké láti ìsàlẹ̀: "Kí lẹ ń ṣe lókè yẹn?"

"Jọ́gíráfì ni, sà!" ni tíṣà ìṣirò fèsì. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa wá.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá mi nílé, inú wọn dùn débi pé wọn kò lè jókòó. "Tó bá di àkókò ìsinmi yín lọ́la, ẹ juwọ́ sí mi. Èmi náà á juwọ́."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo kíláàsì na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, a ń juwọ́, a ń ké "Daddy o!" bí ẹni pé bàbá gbogbo wa ni. Ibẹ̀ jìnnà, a kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Tíṣà ìṣirò náà juwọ́, mo rí wọn.

Ẹ̀rín ni bàbá mi bá wọlé nírọ̀lẹ́. "Mo juwọ́ títí ọ̀gá wa fi bi mí bóyá agbọ́n ló ń lé mi. Mo ní rárá o, ọmọ mi ló wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́."