Tíṣà Tó Fi Ríìmù Bárò Kọ́ Wọn ní Básíkẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, táyà àti ríìmù tòkunbọ̀ tí mò ń tà ní Ìlaròó kò rí ọ̀nà Kùtọnù gbà wọlé mọ́. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń lé eṣinṣin. Pápá iléèwé ló kọjú sí mi, ibẹ̀ ni mo ti ń wo Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú ihò lórí igi. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà mọ. Nígbà tí mo wo ọkùnrin yìí fún ọ̀sẹ̀ kan, mo dúpẹ́ pé n kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin wà nínú wọn. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá mú ọmọ méjì lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ eléré, tí ìjọba á máa bọ́ wọn, á sì máa rán wọn níléèwé. Ọmọ mi kò ní àlá mìíràn. Èmi tí n kò rí táyà tà, ṣé mo ní òmíràn ni?

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Kò sí. Èyí tí Tíṣà ní kí wọ́n bá òun rà há sí òdìkejì bọ́dà. Ó bá di àkísà bíi àgbọn, ó fi rọ́bà wé e. Àkísà kì í sì í ta.

Tíṣà á bi wọ́n pé, "Kí ni díríbù?"

"Ká máa fọwọ́ ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ká máa lọ!"

Ogún ọmọ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa gbá afẹ́fẹ́ létí. Ọlọ́kadà kan tó ń lọ sí Òkè-Ọ̀dàn dúró.

"Màmá, ṣé adìyẹ ni wọ́n ń lé ni?"

"Rárá o, ìwé ni wọ́n ń kà."

Tíṣà tún kọ́ wọn pé ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù rìn láìta á ti jẹ̀bi. Gbogbo wọn jẹ̀bi, láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó wá ra ríìmù tí yóò so mọ́ igi. Mo fa ti ọ̀kadà jáde, èyí tí mo ti yọ sípóòkù rẹ̀. Ó ti àkísà bọ̀ ọ́, ó mirí, ó ní ó fẹ̀ jù. Ti bárò tí wọ́n fi ń kó yanrìn, tí wẹ́dà ti gé inú rẹ̀, ló mú.

"Tíṣà, ṣé bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ kò ní tóbi ju àkísà yìí lọ?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kàwé ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Àkísà ló wọ̀n.

Oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi fi ju àkísà sínú ihò tí kò ju ẹnu ìkòkò lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá Abẹ́òkúta ń bọ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù dé. Ìyá àgbà kan ló gbé e gba ọ̀nà oko Ìpòkíà, wọ́n ti yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó pẹlẹbẹ lábẹ́ gàrí. Fọgaináísà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wú, bẹ́ẹ̀ ni ojú Tíṣà ń súnkì.

Ọ̀gá ní kí wọ́n ta á. Bọ́ọ̀lù ta padà, ó gbá ọmọ àkọ́kọ́ lágbọ̀n. Ọ̀gá ní kí wọ́n jù ú. Ọmọ mi jù ú. Bọ́ọ̀lù gorí ríìmù bárò, ó jókòó síbẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba.

"Tíṣà, kí lèyí?" Ọ̀gá pa ìwé rẹ̀ dé, ó kọrí sídìí ọkọ̀. Ọmọ mi bú sẹ́kún.

N kò mọ ìgbà tí mo kọjá títì, tèmi ti ríìmù ọ̀kadà lọ́rùn.

"Ẹ dákun, sà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré!"

A fi wáyà dè é mọ́gi. Ọmọ mi nu ojú rẹ̀. Lójú ẹni tó ti ń ju nǹkan sẹ́nu ìkòkò láti oṣù mẹ́ta, kànga ni ríìmù ọ̀kadà. Ó ju márùn-ún, mẹ́rin wọlé.

Ọ̀gá kọ orúkọ rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, báwo lẹ ṣe kọ́ èyí?"

Tíṣà gbé àyà síwájú. "Sà, mo mọ̀ọ́mọ̀ lo ríìmù kékeré ni, kí ojú wọn lè mú."

Mo la ẹnu. Ọmọ mi wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí, nítorí Tíṣà yìí ni yóò buwọ́ lu ìwé tí yóò gbé e lọ. Mo pa ẹnu náà dé. Mo kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ọpọlọ yín pọ̀."

Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ wá rí i báyìí pé ìwé dára?"