Èlé Tí Wọ́n Pè Ní Èrè

Kékeré ni mo wà ní àdúgbò Alabar, ní Kumasi, ní Ghana, nígbà tí iṣẹ́ òwúrọ̀ mi jẹ́ láti máa nu eruku ara abọ́ tánganran ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí òórùn wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà gbígbóná nínú ewé, àti bọ́ọ̀lù tí a fi àkísà dì. Bí abọ́ kan bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ìkúnlẹ̀ ni, apá méjèèjì lókè. Kofi, tó ń fi ọmọlanke kó ẹrù wa, á ní Alátà kékeré, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ti ń kírun láìtíì gbọ́ ìpè.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Kì í jẹ èlé. Ó ní iná ni ẹni tó ń jẹ ẹ́ ń kó sínú. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba owó aráàlú láti fi dókòwò mọ èyí dáadáa. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó dé fìlà, tó ń kírun, ni wọ́n rán sí wa. Bàbá bi í léèrè:

“Alhaji, ṣé èlé kọ́ nìyí?”

“Rárá o, Bàbá. Èrè ni. A jọ ń ṣòwò ni.”

Bàbá fi owó tí à bá fi ra ẹrù lé e lọ́wọ́. Fún ìgbà díẹ̀, èrè náà ń wọlé, ẹran sì pọ̀ nínú ọbẹ̀ wa.

Kò sí òwò kankan. Ìgbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọjà ìṣúná ni mo tó mọ̀ pé dọ́là àti ìwé gbèsè tó ń mú èlé wá ni wọ́n ń fi owó wa ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Nígbà tí tẹ́tẹ́ náà kò jẹ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe irú rẹ̀ ní àtúnṣe ọjà. Àtúnṣe! Ní Alabar, pẹpẹ ìpatẹ wa ṣófo, Kofi ti ọmọlanke rẹ̀ lọ láìpadà, ìyá oníwáákyé sì pa iná rẹ̀ nítorí pé kò sí alábàárù tí yóò jẹun mọ́.

Bàbá kò sunkún owó. Nígbà tó gbọ́ pé kò sí òwò kankan nídìí rẹ̀, ohun tó wí fún ìyá mi ni pé, “Èlé ni mo fi bọ́ àwọn ọmọ yìí.” Láti ọjọ́ náà ni ó ti kúrò ní sàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀gbẹ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń kírun sí títí ó fi kú. Àwọn tó tàn án kò jẹ́jọ́ níbì kankan.

Nígbà náà, òpùrọ́ gbọ́dọ̀ jókòó tì wá, kí ó jẹ nínú oúnjẹ wa, kí ó tó rí owó gbà. Lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń gba owó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Asawase, ní Kumasi kan náà. Àwọn ọmọ náà kò tilẹ̀ rí ojú ẹni tí wọn ì bá bi léèrè.