Ilé Bàbá Mi Kékeré

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ àgọ́ ìjọ wa n'Íwopin, ẹ wọ́ ilé bàbá mi kékeré sójú títì nígbà tó ń gbàdúrà létí ọ̀sà.

Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí nilé náà, òun ló máa ń gbé wá àpéjọ lọ́dọọdún. Ìyálọ́mọ tí kò bá ríbi sùn a wọ inú rẹ̀, bàbá mi kékeré a tẹ́ ẹní síta. Bàtà nìkan lèèwọ̀: “Ìyàwó, bọ́ ọ sílẹ̀ o, mo ti fòróró yà á sí mímọ́!”

Ẹ ní bọ́ọ̀sì náà ń ba ẹwà yàrá tuntun yín jẹ́. Nígbà tó ti etí ọ̀sà dé, ó bi yín pé, “Ẹ̀yin alàgbà, ṣé ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó wọnú bọ́ọ̀sì mi?” Ẹ rẹ́rìn-ín. Kò wá àpéjọ mọ́.

Ta ló pàṣẹ? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè dúró kó ṣe àmín?