Ààrò Tuntun ní Ajara

Ogún ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àánú kan l'Ékòó, èyí tó ń ran àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Èmi ni mo ń kọ ìròyìn fún àwọn tó ń ṣètọrẹ. Bákan náà ni gbogbo wọn ń lọ: obìnrin kan wà nínú ìyà, a dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi mọ́ ọn débi pé mo lè di ojú kọ ọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó wá sí Àgbádárìgì, mo ní ìtàn àròsọ ni mo fẹ́ máa kọ. Àwọn ọmọ mi ní àgbà ti ń dé sí mi. Ọdún méjì ni mo fi kọ ìwé kan lórí obìnrin tó ń yan ẹja. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi han ẹnikẹ́ni, torí bí kò bá dára, n ò mọ ohun tí mo tún wúlò fún.

Níkẹyìn, mo gbé e lọ bá ìyá kan ní Ajara, tí òun náà ń yan ẹja. Ó wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ wa kọ́ ààrò ìgbàlódé fún, èmi ni mo sì kọ ìròyìn rẹ̀. Ègùn ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń kà á fún un bó ṣe ń yí ẹja lórí wáyà ààrò rẹ̀ àtijọ́. Mo dé ibi tí màdáámù kan àti àwọn aláàánú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí obìnrin ẹlẹ́ja náà bú sẹ́kún ayọ̀. Ìyá dáwọ́ dúró.

"Màdáámù, ààrò tí ẹ kọ́ fún wa yẹn, ẹja ò jinná nínú ẹ̀ rí. Ìta á gbẹ, inú á tutù."

"Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tá a bá wá ya fọ́tò ni iná ń jó nínú ẹ̀!"

"Àwa la ń dá a. Tí ẹ bá ti pè pé ẹ ń bọ̀, a ó lé adìyẹ jáde nínú ẹ̀, a ó gbá a, a ó dáná, a ó wá kó ẹja tó ti jinná níbí lọ tò síbẹ̀. Ẹ ti ti Èkó wá nínú oòrùn. Ta ló fẹ́ dójú tì yín?"

Ojú gbà mí tì. Inú tún bí mi díẹ̀, mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Àmọ́ ìgbà wo ni mo bi wọ́n tí kámẹ́rà ò sí lójú wọn? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn obìnrin tí a ní à ń ràn lọ́wọ́, àwa gan-an ni wọ́n ń tọ́jú.

Mo fa abala tó gbẹ̀yìn ya. Mo ní kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń lé adìyẹ náà fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ tòun ti ìṣe, a rẹ́rìn-ín títí ẹja fi jóná.

Nígbà tí mo dìde láti lọ kọ ọ́, ó pè mí padà.

"Ẹ má bú obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn o," ó ní. "A fẹ́ràn ẹ̀."